Mùsá Fúnra Rẹ̀ Ni Ó Ní Òun Sá

Nígbà tí mo ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò… Sàfúrà, ṣé ẹ̀rọ rẹ ti ń gbọ́ mi? Ó dára. Má sì pè mí ní "táńtì" mọ́. Ẹ̀gbọ́n baba rẹ ni mí, ìyá ni mo jẹ́ sí ọ. Kí ni táńtì? Ẹ̀yin ọmọ Lómè òde òní, ẹ ó fi Faransé bu omi, ẹ ó fi Mínà mu ún, ẹ ó wá fi Yorùbá nu ẹnu.

Gbọ́. O ní kí n sọ bí baba rẹ ṣe fi ìlú yìí sílẹ̀ ní ayé rògbòdìyàn òṣèlú, kí a tó bí ọ. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ìtàn Ànábì Mùsá mọ́ ọn, n kò tíì sọ nǹkan kan.

Àdúgbò Hanúkopé ní Lómè níbí ni a ń gbé, èmi àti Ràímì baba rẹ, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Èmi ń rán aṣọ, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Baba wa ti kọ́ àwa méjèèjì ní kéú. Àwọn ará àdúgbò a máa bi í pé kí ni obìnrin fẹ́ fi Lárúbáwá ṣe. Baba a ní, "Nímọ̀tá, má dá wọn lóhùn. Ké Àlùkùránì rẹ." Òun ni ó fi yé wa pé ìtàn òjíṣẹ́ kan lè wà ní ibi mẹ́ta, ibi mẹ́rin, nínú Àlùkùránì, tí ibi kan yóò sọ ohun tí ibi kejì kò sọ. Èmi ni mo wá fún un ní orúkọ: ojú-ìsọ. Ìtàn kan, ojú-ìsọ púpọ̀. Wọn a máa fi mí rẹ́rìn-ín, "Nímọ̀tá tún ti bí ọ̀rọ̀ tuntun!" Mo ní, bí mo bá bímọ, ṣé ẹ kò ní bá mi sọ ọ́ lórúkọ?

Ìlú wá dàrú. Àwọn ènìyàn fẹ́ ìjọba tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn yàn. Àwọn tí ó di ìjọba mú kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀… má pè é ní "gírẹ́fù" níwájú mi. Ilé-ìwé tì, ọjà tì, àwọn ọmọ-ogun dúró ní ìkóríta. Àwọn ènìyàn ru ẹní àti ìkòkò lórí, àwọn kan kọjú sí Gánà, àwọn kan kọjú sí Benin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ké bí iná mànàmáná bá lọ díẹ̀, ṣé ẹ mọ ìlú tí ó dákẹ́?

Ẹnu baba rẹ kò sì dákẹ́. Ní ìpàdé àwọn olùkọ́, ó dìde, ó ní, "Ànábì Mùsá kò sá fún Fìríáónà. Èmi náà kò ní sá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Níbo ni ó ti rí ìyẹn? Lẹ́nu Ààfáà Sálíù ni, tí ó ń túmọ̀ Àlùkùránì fún wa lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ní mọ́ṣáláṣí kékeré ẹ̀yìn ilé wa. Ààfáà dé ibi tí Mùsá ti ń dá Fìríáónà ọba Íjíbítì lóhùn, ní orí Àwọn Akéwì. Lárúbáwá ibẹ̀ hàn gbangba: Mùsá ní òun sá fún wọn nígbà tí ẹ̀rù wọn ba òun. Ààfáà túmọ̀ rẹ̀ ní, "Mo kúrò ní ọ̀dọ̀ yín." Kúrò! Ó gé "sá" nù bí ẹni ń gé etí aṣọ. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé àwa obìnrin. Mo bá a lẹ́yìn ìrun, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, àgbà ni à ń bo àṣírí rẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dáfì Akú já wọlé. Obìnrin Mínà ni, ó ń ta gààrí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Dáfì ni wọ́n fi ń pe obìnrin tí ó juni lọ. Ó sáré títí ìró fi tú ní ìdí rẹ̀.

"Jo! Ràímì, jo!" Ẹnu Mínà ni o, kì í ṣe ijó wa. Ó ní kí ó máa lọ ni. "Àwọn ọmọ-ogun wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń bèèrè láti ilé dé ilé!"

Ràímì fi ìdí kalẹ̀ sórí àga. "N kò lọ."

"Ràímì!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé Mùsá kò sá. Bí mo bá sá, kí ni n ó tún wí fún wọn?"

Dáfì Akú ní, "Òkú kì í kọ́ ọmọ ní ìwé o!"

Kò mira. Mo mọ̀ pé ẹkún mi kò lè gbé e dìde. Ọ̀rọ̀ ni ó fi so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò tú u. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo kan ilẹ̀kùn Ààfáà.

"Ààfáà, ẹ wá sọ fún Ràímì ohun tí Mùsá wí fún Fìríáónà."

"Ìyá Aránṣọ, ṣé àkókò àríyànjiyàn nìyí?"

"Àkókò rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ń wá a bọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ọ̀dọ́ yóò fi Ànábì ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn yóò ní ó sá bí adìyẹ."

"Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́, Ààfáà! Ojú ọ̀tá rẹ̀ ni ó ti sọ ọ́. Ṣé ẹ wá mọ ìtìjú jù ú lọ ni?"

Ó wò mí. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Kò dúró wé láwàní.

Ó jókòó sí orí àpótí ìránṣọ mi, ó kọjú sí àbúrò mi. Ó ní, "Ràímì, ojú-ìsọ mẹ́ta ni." Ọ̀rọ̀ mi ni ó lò o, ọ̀rọ̀ tí òun náà ti fi mí rẹ́rìn-ín! "Ní orí Ìtàn, ọkùnrin kan sáré wá láti ìpẹ̀kun ìlú, ó ní kí Mùsá jáde, wọ́n ń gbìmọ̀ àtipa á. Mùsá jáde tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ní orí Tọ́ọ̀-Áà, Ọlọ́run ń rán an létí pé Òun ni Ó yọ ọ́ nínú ìbànújẹ́. Ní orí Àwọn Akéwì, òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gé ibẹ̀ mọ́ ọ lójú. Ó ní òun sá. Ìrìn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, Ràímì."

"Ẹ tún un wí."

"Mùsá sá. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run fún un ní ọgbọ́n, tí ó rán an padà."

Dáfì Akú kò gbọ́ ju ìdajì lọ nínú Yorùbá náà. Ó ní, "Ẹni tí ó sáré wá sọ fún Mùsá yín, ṣé ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

A bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìpayà yẹn! Ràímì náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Dáfì Akú lọ gbé igbá gààrí rẹ̀ rù, ó ṣíwájú, Ràímì tẹ̀ lé e bí ẹni ń bá a kiri ọjà. Wọ́n gba ìhà Akodésẹ́wà, Ràímì sì forí lé ọ̀nà Benin.

Àwọn ọmọ-ogun dé. Wọ́n bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àbúrò rẹ dà?"

Kí ni ẹ rò pé mo wí? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Ààfáà jà nítorí ọ̀rọ̀ kan? Mo gbójú sókè, mo ní, "Ó sá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ní, "Ojo! Gbogbo ariwo ẹnu yẹn!" Wọn kò tilẹ̀ tú àpótí wò. Ọkàn wọn balẹ̀ pé wọ́n ti borí, wọ́n bá lọ.

Ó pẹ́ kí baba rẹ tó padà. Ní ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Kútọnu ni ó ti pàdé ìyá rẹ, bí Mùsá ti pàdé ìyàwó tirẹ̀ nídìí kànga. Sàfúrà ni àwọn ààfáà ń pe obìnrin yẹn, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí baba rẹ dé, ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé tirẹ̀ ní Totsi, ní Lómè níbí. Àwọn olùkọ́ tí ó pàtẹ́wọ́ fún un pé jọ kí i káàbọ̀, ó sì dìde. "Mo sá," ó wí. "Mo sì ti padà. Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣiṣẹ́."

Lónìí ńkọ́? Ojú-ìsọ kan ni ẹ ń rí lórí ẹ̀rọ yín, ẹ ó gbé e, ẹ ó máa bá ara yín jà. Sàfúrà, ka ìyókù kí o tó jà. Má sì gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí ẹni ọ̀wọ̀ lè gùn sí i.

Ó tó, pa ẹ̀rọ rẹ… Rárá, dúró. Bí o bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, má kọ "kúrò", má kọ "rìnrìn àjò". Sá ni. Fi àmì ohùn òkè sí i.