Orúkọ Bàbá Ọmọ Mi Ni Ọkọ Ọmọ Mi Ń Jẹ́

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lọ sílé ọkọ ní Berlin, wọn kò pè mí. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀. Èmi tí mo lóyún rẹ̀, tí mo pọ̀n ọ́n, mo wà nílé ní Hamburg, mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníṣòkòtò kúrú. Ọkọ mi sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ òun lẹ táìlì sí balùwẹ̀ ní Berlin, torí iṣẹ́ táìlì ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ di oúnjẹ fún un. Nígbà tó padà dé, ó mú kéèkì dání, ó wé e sínú fọ́ìlì, ó ní ìyàwó ọ̀rẹ́ òun ló fi ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mo jẹ kéèkì ìgbéyàwó ọmọ mi, mo lá ọwọ́, mo tún ní kó bá mi kí ẹni tó ṣe é!

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo ṣe tí ọmọ tí mo fọ́mú bọ́ fi lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi. Ẹ má sọ pé torí pé òyìnbó ni ọkùnrin náà. Òyìnbó lèmi náà fẹ́. Ara Poland ni ọkọ mi, ìyá rẹ̀ ló gbé e wá sí Hamburg ní kékeré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Orúkọ ni. Orúkọ lásán-làsàn ló tú ilé mi ká, ọ̀rọ̀ náà sì ti dàrú mọ́ mi lójú débi pé nígbà mìíràn màá kàn dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, màá jókòó tì í, màá gbàgbé ohun tí mò ń rán. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi níṣẹ́ aránṣọ, ṣòkòtò àlòkù ni mo máa ń tú wò kí n lè mọ bí wọ́n ṣe rán an. Ẹnu àwọn oníbàárà ni mo ti gbọ́ èdè Jámánì. Bí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ bá wà láàárín yín, kó bá mi tú eléyìí náà wò.

Orúkọ ìdílé ọkọ mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ojú ò tì mí. Ó kàn ṣọ̀wọ́n débi pé bí mo bá kọ ọ́, ẹni tó bá kà á, ẹnu ọ̀nà wa ní Osdorfer Born ló máa bá ara rẹ̀. Ní gbogbo Hamburg, ilé wa nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Ọkọ mi kò ní ilẹ̀, kò ní ilé, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀. Bí àlejò bá ti dé, tó sì ti mu ọtí díẹ̀, ìtàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: pé láyé àtijọ́, ní abúlé kan létí odò ní Poland, atukọ̀ kan wà tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Òun ló ń tu èèyàn àti màlúù sọdá. Lọ́dún kan, omi kún, ó gbé abúlé náà lọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Atukọ̀ yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló là, torí pé inú ọkọ̀ ni wọ́n sùn. Iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ọkọ mi á gbé ìka sókè bí oníwàásù: "Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí tó ń jẹ́ orúkọ yìí, níbi yòówù kó jẹ́ láyé, ẹ dì mọ́ ọn fún mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Inú ọkọ̀ kan náà la ti jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju oníìtàn lọ. Mo ní ẹ ò rí i, òyìnbó náà ní orílẹ̀! Nígbà tí mo bá ń di irun Yéwándé ọmọ mi, tó bá ń sunkún pé ó ń dun òun, oríkì bàbá rẹ̀ tí mo fúnra mi hun ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Ọmọ atukọ̀ olójú kan, ọmọ a-sùn-sínú-ọkọ̀-má-bómi-lọ, odò gbé abúlé, kò gbé bàbá rẹ." Á dákẹ́, á gbórí lé orókún mi. Àǹtí Ṣadé tó ni ṣọ́ọ̀bù irun ní Lurup, níbi tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ní kọ̀rọ̀, máa ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá Yéwándé, ẹ ti sọ Poland di Ìṣẹ́yìn."

Nígbà tí Yéwándé parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ríṣẹ́ sí Berlin, ó gba yàrá nínú àwọn ilé gíga ní àdúgbò Marzahn torí pé owó ilé ibẹ̀ ṣì ṣeé gbọ́. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi pè mí, tó ń fi èdè Jámánì pariwo: "Màmá! Ẹnìkan wà ní àjà kẹta níbí tó ń jẹ́ orúkọ wa! Aago ẹnu ọ̀nà méjì, orúkọ kan ṣoṣo! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni onílẹ́tà ń kó lẹ́tà mi lọ." Inú mi dùn débi pé mo jó níwájú àwọn oníbàárà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn! Lọ kí i. Má lọ lọ́wọ́ òfo o, se ìrẹsì, bù ú lọ fún un, kó mọ̀ pé o nílé." Ó sè é, ó bù ú lọ. Ẹ ò rí i? Onílẹ́tà ni alárinà, èmi ìyá ni mo sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ.

Ní ọdún Àjíǹde, ó mú un wá sí Hamburg. Tomek lorúkọ rẹ̀, ó ga, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ dáadáa. Yéwándé ti kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó na gbalaja sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò lọ tún un ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo fà á dìde, mo pe ọkọ mi: "Bàbá Yéwándé, wá wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ!" Yéwándé wò mí. Ó ní, "Màmá, mi ò mú un wá bí ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Bí kí ni?"

"Ẹ ti mọ̀, Màmá."

"Mi ò mọ̀. Ìwọ, ọmọ atukọ̀, ọmọ ilé bàbá rẹ lo fẹ́ fẹ́?"

"Kì í ṣe ọmọ ilé bàbá mi! Màmá, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ wọ́n rí!"

Tomek rò pé ó yẹ kí òun fi àwàdà tù wá nínú. Ó ní ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, pé ní Standesamt níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn pọ̀, kò ní sí àríyànjiyàn lórí orúkọ tí ìyàwó máa jẹ́. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí tábìlì, mo gbé e padà sí kíṣíìnì, kò sì sẹ́ni tó jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nílẹ̀ wa, ṣebí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí a tó fọmọ fọ́kọ ńkọ́? A ó wádìí. A ó béèrè pé irú èèyàn wo ni wọ́n, ibo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọkọ mi kò tẹ̀ lé mi, nítorí náà mo dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin, mo ra èso dání, mo lọ bá ìyá àgbà Tomek nínú ilé rẹ̀ ní Marzahn. Ìyá yẹn dáa. Ó po tíì fún mi, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo fi èdè Jámánì mi tó kù díẹ̀ káàtó bi í pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ọkọ yín, níbo ni wọ́n ti wá?" Ó wo ojú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, atukọ̀ kan wà láyé àtijọ́, ojú rẹ̀ kan fọ́..."

Mo gbé ife tíì sílẹ̀. Omi tó kún, ó sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí odò gbé, ó sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n sùn, ó sọ ọ́. Kí lẹ tún fẹ́ kí n wádìí? Láti Marzahn níbẹ̀ ni mo ti pe ọmọ mi. Mo ní, "Yéwándé, mo ti débẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni. Fi ọmọkùnrin yìí sílẹ̀." Ó ní ká tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òfin Jámánì kò sì dí àwọn lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kì í gbó. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìkíni ṣókí ló kù láàárín wa: ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ kú iṣẹ́ Màmá, ó tán. Mo rò pé ó ti gbọ́ràn ni, pé ọkàn rẹ̀ ló gbọgbẹ́. Mo tiẹ̀ ń ṣàánú rẹ̀.

Àfi bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ṣadé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti kéèkì yẹn, tí ó gbé fóònù rẹ̀ sókè: "Ìyá Yéwándé, ẹ kú oríire o! Ẹ fi wá ṣe ẹni àjèjì! Àní gúgúrú lásán, ẹ ò fún wa!" Oníbàárà tó ń dirun lọ́wọ́ náà dá sí i: "Bóyá wọ́n fẹ́ kó jẹ́ sọ́páráìsì ni." Mo gba fóònù náà. Ọmọ mi rèé nínú aṣọ funfun, aṣọ tí kì í ṣe èmi ni mo rán an. Tomek rèé. Kéèkì rèé, tó ní òdòdó aláwọ̀ aró lórí, irú èyí tí mo lá lọ́wọ́. Ọkọ mi rèé, nínú kóòtù tí mo fi ọwọ́ ara mi tún apá rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àǹtí Ṣadé wo ojú mi, ó rọra gba fóònù rẹ̀ padà, ó ní, "Áà. Ẹ dákún. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀."

Mo délé, mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fa ọmọ rẹ lé ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́wọ́?" Ó sọ orí kọ́. Ó ní, "Kò sí atukọ̀ kankan."

Mo ní, "Kí lo wí?"

Ó ní olówó kan ló ni gbogbo ilẹ̀ agbègbè yẹn. Àwọn bàbá ńlá òun, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n lórí ilẹ̀ náà, wọ́n ń roko fún un, wọn ò lè kúrò níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Nígbà tí ìjọba wá ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ oko olówó náà sọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ń ṣọ́ ẹṣin, ẹni tó ń fún wàrà, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọn ò bá ara wọn tan. Oko náà kéré, ìdí tí orúkọ náà fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Mo ní ìyá àgbà Tomek ńkọ́, tó mọ ìtàn atukọ̀ dé orí ojú tó fọ́? Ó ní gbogbo àwọn tó ti oko yẹn jáde ló ń sọ ọ́, wọ́n jogún ìtàn pọ̀ mọ́ orúkọ ni. Mo ní kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ? Ó gbójú sókè sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ta ló fẹ́ dìde láàárín àlejò kó sọ pé ẹrú ẹni kan ni bàbá òun?"

Mo kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní agbo ilé bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn, àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ wa, tí a jọ ní oríkì kan náà, tí gbogbo àgbà sì mọ̀ pé ogun ló kó bàbá ńlá wọn wá. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Ìyà ni wọn yóò fi jẹ ọmọ tó bá sọ ọ́. Nítorí náà ohun tí ọkọ mi sọ lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́ gidi. Àmọ́ ẹni tó lè pa irọ́ táìlì, tó gbé kéèkì wá lé e, ṣé kò lè pa irọ́ oko olówó kí ariwo ìyàwó rẹ̀ lè rọlẹ̀ ni? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èwo ni irọ́, èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì? Bí ti atukọ̀ bá jẹ́ òótọ́, ọmọ mi wà lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ bàbá rẹ̀. Bí ti oko bá jẹ́ òótọ́, irọ́ ni mo fi rẹ ọmọ mi lẹ́kún láti kékeré, tí mo ń fi orílẹ̀ tí kò sí kì í, tí bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀ tó ń gbádùn rẹ̀. Bí mo bá yí i síhìn-ín, ó dùn mí. Bí mo bá yí i sọ́hùn-ún, ó dùn mí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Yéwándé pè mí lánàá. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ tó jẹ́ pé Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn láti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní, "Màmá, mo ti lóyún. Ẹ dákún, ẹ wá bá mi sọ ọmọ lórúkọ. Kí ẹ sì bá mi kì í, bí ẹ ṣe ń kì mí." Lẹ́yìn náà ló ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Mo fẹ́ lọ. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, kí ni mo máa pè é? Ọmọ atukọ̀, níṣojú bàbá àti ìyá tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ atukọ̀? Àbí ọmọ oko olówó? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé òkè òkun pẹ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àmọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹnìkan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wà ní pálọ̀ níbẹ̀ yẹn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Mò ń bọ̀ wá ka èyí sí i létí ní èdè tó gbọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá Yéwándé, mi ò ní béèrè ọ̀rọ̀ kéèkì mọ́. Ọ̀kan nínú ìtàn méjèèjì yẹn ni irọ́. Èwo ni? Dìde jókòó, kí o dá mi lóhùn.