Pèpéle Àwọn Opó

Nígbà tí mo ṣì kéré jù ọ́ lọ, Dárà ọmọ ọmọ mi, àwa náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní abúlé wa lójú ọ̀nà Ìjàn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Adó, ẹ rò pé igbó ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, a kì í gbọ́ ìwàásù rárá, orin la ó máa kọ títí òjò á fi dá… Aago mélòó lo wí? Ó dáa. Wo ojú ọ̀nà fún mi bóyá ọlọ́kadà ti dé.

Ta ló kọ́ ọ? Ẹ gbọ́. Àwọn ọkùnrin ló mọ ògiri, òótọ́ ni. Omi tí wọ́n fi po amọ̀ ńkọ́? Ta ló pọn ọ́n? Àwọn obìnrin ni, láti odò ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi Wùmí náà gbé akèrègbè kékeré tẹ̀lé yèyé mi.

Àṣà wa nígbà náà ni pé baálé ilé kọ̀ọ̀kan ló ń kan bẹ́ńṣì ilé rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ ìdílé á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó àti ọmọ ń jókòó. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú ńkọ́? Bàbá mi ti kú. Ta ni ì bá kan tiwa?

Lọ́jọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà, yèyé mi jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Bàbá Ìjọ, ọkùnrin gíga kan tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù, wá bá a.

"Ìyá Wùmí, dìde. Bẹ́ńṣì ilé mi nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ibo ni kí n jókòó sí?"

"Gbé àpótí wá láti ilé, bí àwọn opó yòókù."

Yèyé mi nawọ́ sí ògiri. "Omi tí mo pọn wà nínú ògiri yẹn, bàbá. Ṣé kí n fún un jáde kí n máa gbé e lọ?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín! Tíṣà ìjọ pàápàá fi ìwé orin bo ẹnu. Bàbá Ìjọ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Yèyé mi dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn, orí ìdúró ló wà títí ìsìn fi parí. Mo dì mọ́ aṣọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn opó tún sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Wọn ò bẹ ọkùnrin kankan. Wọ́n po amọ̀, wọ́n mọ pèpéle mọ́ ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú, wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ ẹ títí ó fi dán. Bàbá Ìjọ wọlé lọ́jọ́ ìsinmi, ó rí wọn tí wọ́n jókòó tò.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Ẹni tó ni ulé ni," yèyé mi ló wí bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ sókè ọ̀run.

Ó yípadà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀.

Nígbà tó yá… kòkó ò so dáadáa mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Adó, sí Èkó. Tí wọ́n bá wálé ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń wá lọ. Mi ò bá yín jà. Kí lẹ fẹ́ jẹ ní abúlé? Tíṣà lọ, wọn ò fún wa ní òmíràn. Ìjọ tó wà nílùú bá gbé lọ́rì wá. Wọ́n kó bẹ́ńṣì, wọ́n já agogo, wọ́n ṣí páànù. Ògiri ti wó dé ìbàdí báyìí. Pèpéle nìkan ni wọn ò rí gbé. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Àná ni àbúrò mi wá sọ fún mi pé kọmití ìjọ ti fi ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Katapílà ń bọ̀ lónìí. Ó ní wọ́n ti pe gbogbo ìdílé tó ní bẹ́ńṣì, gbogbo wọn ló sì ti gbà. Ìdílé tó ní bẹ́ńṣì! Ṣé o gbọ́? Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí! Ta ló pe àwa?

Ayé ti yí, mo mọ̀. Ilé amọ̀ á wó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi mí ná! Ìwọ náà, níbikíbi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́la, béèrè àwọn tó pọn omi kí o tó fọwọ́ sí nǹkan.

Pa fóònù tí o fi ń gba ohùn mi yẹn, ọ̀rọ̀ ti tó. Bá mi mú ìborùn mi. Ọlọ́kadà tó wà ní ìta yẹn, sọ fún un pé ojú ọ̀nà Ìjàn là ń lọ, kó rọra máa wà á. Ààyè yèyé mi lórí pèpéle ni mò ń lọ jókòó sí. Ẹni tó bá ní kí n dìde, kó kọ́kọ́ fi ibi tí mo máa jókòó sí hàn mí.