Afárá Tí Ẹ Ní Kò Tíì Ṣí

Ẹ má ní kí n jókòó, Bàbá Alága, mi ò jókòó. Àbúrò màmá mi lẹ jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń pọ̀n mí sọdá lọ síléèwé nígbà tí odò bá fà, ìdí nìyẹn tí mo fi kúnlẹ̀ kí yín kí n tó la ẹnu. Ìkíní ti parí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: afárá ní ilẹ̀kùn ni?

Kọnkéré ti gbẹ, wọ́n ti kun irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́dà, àwọn òṣìṣẹ́ ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ta ṣéènì dí i, ẹ ní kò tíì ṣí, àfi bí ọ̀gá yín láti ìjọba bá ráyè wá ṣe ayẹyẹ ṣí i. Ó ti ṣí fún ewúrẹ́, èèyàn ni kò ṣí fún. Ará ìhín gbé òkúta, ará ọ̀hún gbé yanrìn, a rò pé afárá là ń kọ́. Àṣé afárá oyin ni, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lá a.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rọbí, a gbé e dé ìdí ṣéènì yín, à ń wo òrùlé ilé ìwòsàn lódìkejì. Ọkọ rẹ̀ sáré wá bá yín. Ẹ ní ẹ ò lè ba ayẹyẹ jẹ́, ẹ ní ká lọ wá ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ká tó rí ọlọ́kọ̀, ara ẹ̀gbọ́n mi ti ń tutù. Abẹ́ afárá yín gan-an ló bí i sí, nínú ọkọ̀. Ọmọkùnrin. Màmá mi gbá a nídìí, kò ké. Ó tún gbá a. Kò ké.

Kí lẹ wí? Àmúwá Ọlọ́run? Ẹ má fa Ọlọ́run wọ̀ ọ́ o. Kọ́kọ́rọ́ ṣéènì yẹn ò sí lọ́run, ọrùn yín ló wà, mo ń wò ó.

Ẹ ní ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gùn mí.

Lọ́la ni ẹ̀gbọ́n mi ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ wálé. Ó ní òun ò tún gba ojú omi yẹn kọjá láyé òun. Orí afárá ló máa gbà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tú ṣéènì, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ má gbójú sílẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ́dọ̀ yín tòun ti ọwọ́ òfìfo, kí ẹ kí i kú ewu ọmọ.