Sípánà Tí Mo Ki Bọ̀ Ọ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ jókòó tì mí. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, ẹ sì gbọ́n tó láti mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní bá mi wọ sàárè. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn mi sílẹ̀. Àìbìkítà kọ́ ló gé apá bàbá yín. Èmi ni.

Èmi ni ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ike ní iléeṣẹ́ wa, bàbá yín sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Ìdérí irin kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é. Nígbàkúùgbà tí ike bá há, a gbọ́dọ̀ fi sípánà tú u, ká tún dè é padà. Ó sú mi. Mo ní kí wọ́n gbé e jù sí yàrá ẹrù. Bàbá yín nìkan ló sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ike yàtọ̀ sí ẹran." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń bẹ̀rù àbúrò mi tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nílé kò ní ṣàì bẹ̀rù ẹ̀rọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a yọ ìdérí, abẹ ẹ̀rọ fa apá ẹ̀wù rẹ̀. Kí n tó pa iná, ó ti lọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ ta bo ògiri, ó ta sí mi lẹ́nu. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ń fọ́. Ó há síbẹ̀, ó ń ké, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ mí! Ẹ yọ mí, mo kú o!" Máníjà sáré dé, ẹnu ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Ìwọ lo yọ ìdérí, ìwọ lo ń lọ sẹ́wọ̀n. Àfi tó bá jẹ́ òun ló tú u."

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá yín ṣe. Mo fi í sílẹ̀ nínú abẹ, mo sáré lọ gbé ìdérí. Mo fi í ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo da nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń pè mí, mo ń ka nọ́ọ̀tì. Ìkà ni mí! Lẹ́yìn náà ni mo ki sípánà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, mo fi ọwọ́ tèmi pa ìka rẹ̀ dé lé e. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó rò pé ńṣe ni mo di òun mú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi mí sílẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo tó yí abẹ padà, tí ìyókù apá náà já bọ́.

Àwọn oníwàádìí bá sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo búra pé òun ló tú ìdérí. Ta ni yóò rò pé ènìyàn lè parọ́ mọ́ ọkọ àbúrò rẹ̀? Iléeṣẹ́ kò san owó gbà-má-bìínú kankan fún un. Ìyá yín bú u ní olórí kunkun, títí bàbá yín fúnra rẹ̀ fi gbà pé orí òun ló dàrú lọ́jọ́ náà.

Òun ló ń wẹ̀ mí báyìí, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù náà ló fi ń ṣe é. Bí àlejò bá wọlé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí o. Òun ló di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ yẹn tí mi ò fi kú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ yọ ìdérí ẹ̀rọ, ẹ kọ̀, kó lé yín. Ẹ gbé ohùn mi yìí lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdáríjì, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ó ti ń gbé omi ìwẹ̀ mi bọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó tó fi ọwọ́ yẹn kàn mí.