Mo Pe Ẹ̀tọ́ Ní Àánú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó mi, òun náà sì ní kí n gbé e mì. Kò ṣe é gbé mì mọ́. Láìpẹ́ yìí, pásítọ̀ wa pè mí, ó ní oníwàásù ará Kàlábá tó bá wa sọ̀rọ̀ nígbà kan tún ń bọ̀, àti pé èmi náà ni kí n tún ṣe ògbufọ̀ fún un. 

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Festac ni mò ń gbé. Alàgbà ni mí nínú ìjọ wa, èmi ni mo sì máa ń túmọ̀ ìwàásù sí Yorùbá fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ yé. Wọ́n máa ń yìn mí. Wọ́n ní ẹnu mi dùn ju ti oníwàásù gan-an lọ, èmi náà á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo tún ní ilé kan ní Kuje, nítòsí Festac níbí, yàrá kọjú sí yàrá, tí àwọn awakọ̀, àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń tajà ní Apple Junction ń gbé. Àwa alàgbà mélòó kan la ní ilé lágbègbè yẹn, a sì jọ fẹnu kò pé owó ọdún méjì la ó máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ì báà jẹ́ ayálégbé tuntun, ì báà jẹ́ ti àtijọ́. Ẹni tí kò bá rí i san, kó kó ẹrù rẹ̀. Ní ìparí oṣù, àwa kan náà la máa ń pín ìrẹsì fún àwọn aláìní nínú ìjọ, tí a ó máa kọrin. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀, làpálàpá là ń pa.

Obìnrin kan wà nínú àwọn ayálégbé mi, Màmá Bídèmí là ń pè é. Ó ń ránṣọ, ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Inú ìjọ wa ni wọ́n wà. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ tí oníwàásù yẹn kọ́kọ́ wá, ó ní kò tó kí ìjọ máa fún tálákà lóúnjẹ, ó yẹ kí ìjọ wádìí ohun tó ń sọ wọ́n di tálákà, kó sì bá ẹni tó wà nídìí rẹ̀ wí, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń tẹnu mọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀tọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n àánú ni mo ń sọ. Ó ní tálákà ní ẹ̀tọ́, mo ní ẹ máa ṣàánú tálákà. Ó ní ẹ dá ẹ̀tọ́ wọn padà fún wọn, mo ní ẹ lawọ́ sí wọn. Gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo; èmi ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tó parí, ó ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde. Màmá Bídèmí dìde.

Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá oníwàásù. Àánú tí wọ́n sọ yẹn dáa o, ṣùgbọ́n àánú kọ́ là ń wá. Àwọn láńlọ́ọ̀dù wa wà nínú ìjọ yìí. Tí wọ́n bá gbà ká máa sanwó ilé lóṣooṣù, àwa fúnra wa á ra oúnjẹ tá a máa jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá bá wa bá wọn sọ̀rọ̀."

Obìnrin yìí ò mọ̀ pé ohun tí oníwàásù sọ gan-an lòun ń sọ. Èmi nìkan ni mo dúró sáàárín wọn.

Oníwàásù yíjú sí mi. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀, ìrẹsì ló ń tọrọ.

Ta ni kò mọ ráìsì ní Èkó? Màmá Bídèmí ní, "Rárá o, Bàbá. Mi ò dárúkọ ráìsì. Ẹ sọ ohun tí mo sọ."

Oníwàásù bi mí pé kí ló tún wí. Mo ní ó ń dúpẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì wà níbẹ̀. Onílé bíi tèmi làwọn kan nínú wọn, wọ́n sì tẹrí ba. Àwọn tó kù ò fẹ́ já àgbà nírọ́ lójú àlejò. Oníwàásù sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé Màmá Bídèmí lórí, ó ń gbàdúrà tomijé-tomijé. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin ìjọ ń pè é ní aláìmoore. Mo gbọ́ ọ, mo gba ẹ̀yìn wọn kọjá.

Nígbà tí owó ilé tó san, Màmá Bídèmí àti ọkọ rẹ̀ ò rí ti ọdún méjì kó jọ. Ejẹ́ǹtì mi ló ní kí wọ́n jáde, èmi kọ́. Ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí pásítọ̀ pè mí, mo wá Màmá Bídèmí lọ sí Alákijà. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ náà ni òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ ń sùn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bí i lọ́mọ. Ó pariwo, "Háà, Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Mo ti dárí jì yín tipẹ́." Ó wá wò mí, ó ní, "Ẹni tó wà ní yàrá wa báyìí ńkọ́? Ọdún mélòó lẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ọdún méjì náà ni.

Owó ìfẹ̀yìntì mi ò tó ra oògùn. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń gbà á lóṣooṣù, kí la máa jẹ? Àwọn alàgbà ẹgbẹ́ mi á ní mo da àwọn. Gbogbo rẹ̀ ló sú mi. Bí mo bá kọ̀ láti ṣe ògbufọ̀, ẹlòmíì á ṣe é, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, tí mi ò sì yí bí mo ṣe ń gbowó ilé padà, kí ni mo jẹ́wọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má kàn sọ pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Obìnrin yẹn ti dárí jì mí, inú ṣọ́ọ̀bù ló ṣì ń sùn.