Fìlà Tí Mo Gé Kúrò Lórí Fọ́tò Lonzo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó tún yí padà. Láti ìgbà tí mo ti jí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí dókítà ní ọkàn mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, inú mi ń dùn ṣáá bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Mò ń kọrin láti àárọ̀ dé alẹ́, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe irú ohun tí mo ṣe kò yẹ kó máa yọ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu fún orin báyìí, òótọ́ ló ń fẹ́ jáde. Èmi Ozella Tubbs, tí gbogbo ìjọ wa ní Memphis ń pè ní Màmá Ozella, èmi ni mo jí orin àbúrò mi. Mi ò fi ẹnu jí i, àlùmọ́gàjí ni mo fi jí i. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ẹ má wo bí mo ṣe ń tò ó, ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Nígbà tí èmi àti Verdell àbúrò mi wà ní ọmọge, ìyá wa máa ń gba ayálégbé sí yàrá ẹ̀yìn, wọn a sì máa bá wa jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ni Lonzo Treadway, ọkùnrin gíga tí kì í ṣí fìlà, àní bó bá ń jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣẹ̀dá orin fún àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì, nígbà tí rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kò tíì hu irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, Verdell ń lọ aṣọ ní kíṣìnì, Lonzo ń ti orin kan síwá sẹ́yìn lórí tábìlì, ẹsẹ kejì kò wá. Ìyá wa ní, "Lonzo, jẹ ẹja rẹ kó má tutù, orin kì í yó èèyàn." Verdell kò gbójú sókè lórí áyọ́ọ̀nù, ó kàn gbé e:

"Mú fìtílà lọ, àyànfẹ́, ọ̀nà rẹ jìn,
èmi mọ ilé mi nínú òkùnkùn."

Lonzo ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Verdell, tún un kọ!" Verdell ní, "Kí n tún kí ni kọ?" "Èyí tó o kọ yẹn!" "Bùọ̀dá Lonzo, ṣé mo kọrin ni?" Bẹ́ẹ̀ ni Verdell rí. Orin ń jáde lára rẹ̀ bí òógùn, kì í mọ̀.

Orin náà gbòde kan. Orúkọ ọmọkùnrin tó kọ ọ́ sínú àwo ni gbogbo ayé mọ̀. Ti Lonzo wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ti Verdell kò sí níbì kankan, àfi ibì kan ṣoṣo. Lonzo mú fọ́tò ara rẹ̀ wá, òun àti fìlà rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí òkè rẹ̀, ó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, ó fún Verdell. Kò pẹ́ sígbà náà ni mọ́tò pa á lójú ọ̀nà Little Rock. Verdell tọ́jú fọ́tò náà sínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó kọ síbẹ̀. Ìwé títẹ̀ ni mo lè kà; èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ, tó so mọ́ra bí òwú, orúkọ Verdell nìkan ni mo dá mọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni mo bọ́ sínú òwò ìbuwọ́lùwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òyìnbó apárí kan wà, Mísítà Purcell, tó máa ń wa mọ́tò wá láti Nashville láti ra ìwé èyíkéyìí tí àwọn tó ṣẹ̀dá orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ bá ti buwọ́ lù. Ó ní, "Màmá, àwọn akọrin buwọ́ lùwé títí ọwọ́ wọn fi wú. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin? Kò sẹ́ni tó bi í. Ìdí nìyẹn tí tiwọn fi wọ́n." Ni mo bá ń gbé páì lọ sílé àwọn opó wọn. A ó jẹ páì, a ó kọ orin ọkọ wọn, wọn á sunkún díẹ̀, wọn á ṣí àpótí. Inú mi dùn sí òwò yẹn, Ọlọ́run mọ̀. Purcell sì kọ́ mi lọ́gbọ́n kan: bí wọ́n bá kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí nǹkan, ọjà bà jẹ́ nìyẹn. "Ẹni tó rà á fẹ́ kó dà bíi pé òun ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tí wọ́n bá wá kọ 'Sí Bertha,' ta ni Bertha? Bertha ń já owó ọjà wálẹ̀, Màmá!" A jọ rẹ́rìn-ín Bertha.

Ìgbà tó yá ló ní, "Lonzo Treadway. Kò sẹ́ni tó ní tirẹ̀ láyé yìí. Ẹ bá mi wá a." Mo mọ ibi tó wà. Ooru mú lọ́jọ́ náà, Verdell ti lọ bá ẹgbẹ́ akọrin. Mo fa àpótí yọ. Mo ní nínú ara mi pé ìkíni lásán ni gbogbo gbólóhùn òkè yẹn, pé ẹlẹ́nu gígùn ni Lonzo tẹ́lẹ̀. Etí fọ́tò ayé ọjọ́un máa ń rí gbágungbàgun bí eyín ọmọdé, nítorí náà mo mú àlùmọ́gàjí eléyín tí ìyá wa fi ń gé etí aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé wọ́n gé e. Mo gé òkè rẹ̀ kúrò. Fìlà náà ga ju bí mo ṣe rò lọ, orí fìlà bá a lọ. Mo ju èyí tí mo gé sínú ìdọ̀tí pẹ̀lú èèpo ọ̀dùnkún. Ẹ sì mọ orin tí mò ń kọ bí mo ṣe ń gé e? Orin náà ni! Irú èèyàn wo nìyẹn? Purcell yí i wò, ó ní, "Ayàwòrán yìí ò mọṣẹ́, ó gé fìlà bàbá!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Owó rẹ̀ ni mo fi ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá Verdell. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Sìstá, bẹ́ ẹ ṣe tù mí lára yìí, Ọlọ́run á tu ẹ̀yin náà lára." Mo ní, "Àmín." Ẹ gbọ́, àmín ni mo ṣe!

Bó bá mọ níbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ṣì lè sùn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan, Miss Goss, dé láti ilé kan tí wọ́n ń kó ìtàn orin pa mọ́ sí. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀dá orin àtijọ́ sára ògiri, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn akọrin ìjọ pé Verdell lọ́wọ́ nínú ọ̀kan. Pásítọ̀ Hollowell ló mú un wá sílé wa. Miss Goss ní, "Màmá Verdell, mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi fẹ́ ohun tí wọ́n lè fojú rí." Verdell rẹ́rìn-ín bí ọmọge. "Ó kúkú wà! Lonzo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: 'Sí Verdell, tó fún mi ní ẹsẹ kejì.'" Ibẹ̀ ni èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo gé dà nù. Verdell gbé àpótí wá, ó kó inú rẹ̀ sórí àga níwájú wọn: ìbọ̀wọ́ ìyá wa, bàtà ọmọ jòjòló, abẹ̀bẹ̀. Kò sí fọ́tò. Ó yíjú sí mi. "Sìstá, fọ́tò Lonzo dà?"

Ahọ́n mi wà lẹ́nu mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Mo ní, "Fọ́tò wo?" Ó ní, "Lonzo tó dé fìlà." Mo ní, "Bàbá wa lò ń sọ yẹn. Bàbá wa ló dé fìlà nínú fọ́tò. Lonzo ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan." "Sìstá, mo máa ń kà á nígbà kan…" Mo yíjú sí Pásítọ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rẹ̀ ẹ́ tó bí Verdell ò ṣe ní gbọ́. Mo ní, "Ẹ máa bá wa gbàdúrà, Pásítọ̀. Orí rẹ̀ ò pé mọ́. Mi ò fẹ́ kí aráyé gbọ́ ni." Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Verdell wò mí. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, èmi ni ìyá rẹ̀. Ó ní, "Tí Sìstá bá ní kò sí, a jẹ́ pé kò sí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìbọ̀wọ́ padà sínú àpótí. Orúkọ Lonzo nìkan ni wọ́n kọ sára ògiri.

Láti ọjọ́ náà, Verdell ò gba ohunkóhun tó wà nínú orí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Àwo oúnjẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Sìstá, ṣé a ti jẹun?" Ó ní, "Sìstá, ṣé lóòótọ́ ni mo lọ́kọ rí?" Orí tó mú bí abẹ, èmi ni mo jẹ́ kó kújú. Ó ń lọ aṣọ, kò kọrin. Nígbà tó pẹ́, èmi náà ń bi ara mi léèrè pé, àbí fọ́tò kankan ò sí lóòótọ́? Títí mo fi rí àlùmọ́gàjí tí mo fi gé e.

Ọsibítù ni mo wà tí nọ́ọ̀sì kan fi fóònù gbé orin náà, ó ní, "Màmá, ẹsẹ kejì yìí dùn o! Ta ló ṣe é?" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo, "Verdell ni!" Bí ayọ̀ ṣe já lù mí nìyẹn. Mo délé, mo jókòó tì í. "Verdell, fọ́tò wà. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo tà á. Orí rẹ pé. Ìwọ lo ni orin." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. "Sìstá, ẹ rọra. Kò sí fọ́tò. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ níwájú Pásítọ̀. Ẹ kì í purọ́ fún mi. Àìsàn yẹn ló ń ṣe yín." Mo gbé àlùmọ́gàjí hàn án. Ó rọra gbà á. "Ti Màmá nìyí. Ẹ má fi gé ara yín." Ó tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin náà tù mí bí ọmọ: mú fìtílà lọ, àyànfẹ́. Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó ṣe orin yìí gbọ́n o, Sìstá. Ta lẹ ní ó ṣe é?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra ìbuwọ́lùwé, orúkọ tó ń já owó yẹn, èèyàn ni. Ẹ má gé e. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ foríjì mí. Kí Verdell mọ̀ ọ́n ná. Ẹni tó bá rí fọ́tò Lonzo tí fìlà rẹ̀ kò lórí, kó máa bọ̀ ní Memphis, kó kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀, ìdí áyọ́ọ̀nù lẹ ó ti bá Verdell. Ẹ sọ fún un pé òun ló ṣe ẹsẹ kejì. Kí ẹ pọ̀, kí ẹ máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín o. Bí ẹ bá dárúkọ mi, á ní ara mi ò yá.