Ẹ̀yin Tí Ẹ Kò Wá Jẹun Lọ́jọ́bọ̀

Alága ìgbìmọ̀ ìjọ, mo kí yín. Pásítọ̀ Ilmari, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ti ń jókòó níwájú kí wọ́n tó bí mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin akọrin, ẹ̀yin aládùúgbò láti òkè adágún àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo wo gbọ̀ngàn yìí lónìí, ẹnu yà mí. Kò sí àyè mọ́. Àwọn kan fara ti ògiri, wọ́n gbé ẹ̀wù òtútù kọ́ apá. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín níbi ìdágbére mi yìí pé èmi Tellervo Ahokas ni mo kó àdúgbò jọ, pé kò sí ẹni tí kò jẹ nínú ìkòkò mi ní Kuusilahti. Ẹ pàtẹ́wọ́, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ibo lẹ wà láwọn Ọjọ́bọ̀? Ta ló so yín lẹ́sẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì kò kúrò níbi tó wà. Ìkòkò mi kò sì kúrò lórí iná.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti mọ ẹnu mi tipẹ́. Pásítọ̀ àtijọ́ máa ń sọ pé ọbẹ̀ Tellervo kò nílò ata, pé ẹnu alásè ti tó.

Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ yẹn náà lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí Oiva ọkọ mi kú, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọ́n. Ojú tí mo máa ń rí lódìkejì tábìlì ni kò sí. Mo bá lọ bá wọn, mo ní, “Pásítọ̀, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná. Mo fẹ́ máa se ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ́jọ́bọ̀.”

Wọ́n ní, “Fún ta ni?”

“Fún ẹni tó bá ń gbé nítòsí.”

“Àwọn aláìní ńkọ́?”

Mo ní, “Ṣé àwọn ò gbé nítòsí ni?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wá. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ bébà jókòó ti ẹni tó ń gbá ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n ti bára wọn yan odì nítorí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ń na búrẹ́dì síra wọn, torí ọwọ́ ẹlòmíì ò tó o. Orvokki, ìyàwó oníkẹ́mísì, ló ń gbé búrẹ́dì dúdú wá. Taisto Kemppi tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà ló ń dín páńkéèkì. Mi ò rí alábàáṣiṣẹ́ tó dáa tó àwọn méjèèjì rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ara wọn lọ́rùn sílẹ̀.

Orvokki á ní, “Taisto, páńkéèkì tìrẹ yìí, ṣé ká jẹ ẹ́ ni àbí ká fi rán bàtà?”

Taisto á ní, “Ìyàwó oníkẹ́mísì, ẹ ṣáà jẹ ẹ́. Tí inú bá run wá, ẹ̀yin náà lẹ máa rí oògùn tà.”

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ bébà tì. Taisto àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dẹni tó ń jókòó sílé. Síbẹ̀ wọ́n ń wá lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ń kó ọmọ wọn wá. Ẹ̀yin lẹ dẹ́kun àtiwá. Ẹ kò bú ẹnikẹ́ni, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Orúnkún ń dun ẹni kan, àlejò ń bọ̀ nílé ẹnì kejì. Ẹ ń gbé oúnjẹ wá síbi ìdáná, ẹ ń yára lọ.

Lọ́jọ́ kan Orvokki gbé búrẹ́dì wá, ó ṣì gbóná. Mo ní kó jókòó, pé páńkéèkì ti jinná. Ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó ní, “Rárá o, Tellervo. Mi ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí kò ní.”

Taisto wà nídìí iná. Ẹyin lohùn, ó bọ́, ó fọ́. Ó pa iná, ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó fi kọ́ ìṣó. Ó ní, “Tellervo, mi ò mọ̀ pé mo ti dẹni tí kò ní. Mo rò pé páńkéèkì ni mò ń dín.”

Ó jáde. Kò padà wá mọ́. Èmi náà jẹ̀bi: mo gba búrẹ́dì yẹn, mo sì ní, “O ṣé.” Nígbà tí mo lọ bá a nílé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, “Ọbẹ̀ yẹn dùn o, nígbà tí gbogbo wa jọ ń jẹ ẹ́.” Nígbà tí yìnyín yọ́, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú ńlá.

Orvokki, ọ̀rẹ́ mi, má bojú wolẹ̀. Kì í ṣe ìkà lo ṣe. Inú rere lo fi sọ ọ́, òun gan-an ló dùn mí jù. Tó bá jẹ́ ìkà ni, à bá ti jà, à bá sì ti parí ẹ̀.

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní Kuusilahti, ẹni tó ní ló sá fún àwo.

Nígbà òtútù yìí, ìgbìmọ̀ ní ká kó tábìlì kúrò, ká máa di ọbẹ̀ sínú ike, ká máa nà án fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, kí ojú má bàa tì wọ́n. Mo ní, “Alága, ojú ta ni?” Alága wúkọ́. Ìdí tí mo fi ń kúrò nílé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní ó rẹ̀ mí. Kò rẹ̀ mí o. Ara mi le koko.

Lánàá mo pe Taisto lórí fóònù. Mo ní láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tábìlì ilé ìdáná tó wà nílé tèmi ni màá máa tẹ́, kóun náà wá. Ó wá ní, “Ṣé Orvokki á jókòó?” Mo ní mi ò mọ̀. Orvokki, má dá mi lóhùn níbí.

Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín. Kí ibi tí ẹ ti ń jẹ má tì. Bó bá sì tì, kí ẹ rí ẹni jókòó tì yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín máa jẹ oúnjẹ alẹ́ kó máa wo ògiri. Kí àwọn ọmọ yín láya ju yín lọ.

Ẹ mọ ilé mi. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó má gbé búrẹ́dì wá. Ebi ni kó gbé wá.

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ará Kuusilahti. Ẹ ṣé.